Ọjọ́ Tí Èéfín Kò Gòkè Lẹ́yìn Odò Ẹran

                                        Ilé Àkànní,
                                        Ẹ̀yìn Odò Ẹran,
                                        Agége,
                                        Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Ọ̀pẹ̀, 2024.

Dàwódù, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Àsàlámù àlékùn. Ṣé o jí dáadáa? Ṣé ara le? Orúnkún rẹ tó máa ń yọ ọ́ lẹ́nu nígbà òjò ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o forí kanlẹ̀ kírun, àbí orí àga lo ṣì wà? Ìyá Gbénró ńkọ́? Gbénró fúnra rẹ̀ àti Yẹ́misí ìyàwó rẹ̀ ńkọ́, àti àwọn ọmọ wọn? Mo gbọ́ pé òjò rọ̀ dáadáa ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dún yìí, pé iṣu yín sì ta. Ẹ kú oríire. Èmi náà wà. Ojú ń ríran díẹ̀, eyín ti ń tán lẹ́nu, ṣùgbọ́n mo ṣì ń jẹ eegun tó bá wù mí.

Olúwabùsáyọ̀, olùkọ́ tó ń gbé yàrá iwájú nílé mi, ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Ọmọ Èkìtì ni, ìwé rẹ̀ mọ́ lójú. Mo ti sọ fún un pé bí mo bá ṣe wí i ni kó kọ ọ́, kó má bá mi bu oyin sí i.

O ti ránṣẹ́ sí mi lẹ́ẹ̀mejì lórí ààyè Sàídátù. O ní Yẹ́misí fẹ́ wá sí Agége wá máa sun pọ̀nmọ́, pé níwọ̀n ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, kí n fi ojú iná rẹ̀ lé ọmọ tiwa lọ́wọ́ dípò kí ẹlòmíràn gbà á. Ọ̀rọ̀ rẹ dáa. Kì í ṣe ìgbéraga ló mú mi dákẹ́. Nǹkan kan wà lórí ilẹ̀ náà nígbà yẹn tí mi ò mọ̀ bóyá yóò dúró tàbí yóò lọ. Ó ti lọ báyìí. Fara balẹ̀ kí n sọ bó ṣe jẹ́ fún ọ, torí mi ò fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

O mọ ẹ̀yìn odò ẹran níbí. Bí àwọn alápatà bá ti bó awọ màlúù, àwọn obìnrin á gbé e, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí irin, wọ́n á ki táyà tó ti gbó bọ iná lábẹ́ rẹ̀ títí irun ara awọ á fi jó tán. Èéfín táyà kì í ṣe èéfín igi. Ó dúdú, ó wúwo, ó máa ń lẹ̀ mọ́ni nínú imú. Sàídátù ṣe é títí gbogbo ọmọ wa fi jáde ilé ìwé. Ìgbà náà ni ikọ́ wọlé. Ikọ́ náà kò sì jáde mọ́ àfi ọjọ́ tí a gbé òun fúnra rẹ̀ jáde. O wá síbi ìsìnkú, mi ò ní tún un sọ.

Moyọ̀sọ́lá, àbígbẹ̀yìn wa obìnrin, ń kọ́ iṣẹ́ ìnjíníà nígbà náà. Kò sunkún níṣojú mi. Ohun tó sọ ni pé, "Bàbá, omi gbígbóná nìkan ni awọ yìí nílò. Tí omi bá hó dáadáa, irun á rọ̀, abẹ á sì fá a. Kí ló dé tí a ń jó táyà?" Mo ní torí pé táyà kò wọ́n, gáàsì ló wọ́n. Ó ní, "Oòrùn ńkọ́?" Mo rò pé ọ̀fọ̀ ìyá rẹ̀ ló ń dà á láàmú.

Ohun tó yà sórí ìwé nígbà náà ló di ohun tó gbé kalẹ̀ lórí ilẹ̀ Sàídátù lọ́dún yìí. Bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi ni mo ṣe ń ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ. Ṣé o rántí bí a ṣe máa ń fi àfọ́kù dígí gba oòrùn nígbà tí a wà lọ́mọdé, tí a ó sì tàn án sójú ẹni tó ń kọjá? Moyọ̀ ní kí n ro ó bíi pé ogunlọ́gọ̀ ọmọdé tò sórí ilẹ̀, kálukú mú dígí lọ́wọ́, gbogbo wọn sì dojú dígí kọ ẹnì kan ṣoṣo. Onítọ̀hún á jóná. Ó to dígí gbọọrọ gbọọrọ bí ebè, kò ga ju orúnkún lọ. Lókè wọn ló na páìpù dúdú kan sí, omi ń gba inú páìpù náà lọ sínú dúrọ́ọ̀mù. Bí ebè kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí páìpù ló ṣe dagun tó, kí gbogbo ìmọ́lẹ̀ lè pàdé síbi kan náà. Ọwọ́ irin kan wà tí a fi ń yí gbogbo wọn tẹ̀lé oòrùn láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́.

Kó tó tò wọ́n, ó kan èèkàn mọ́lẹ̀ káàkiri, ó ń ṣọ́ ibi tí òjìji ògiri àti táǹkì omi máa ń dé. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, "Àwọn ẹlòmíì ń wọn ilẹ̀, ìwọ ń wọn òjìji." Ó ní, "Òjìji ló lè pa iṣẹ́ yìí, Bàbá." Ó ń bẹ̀rù òjìji. Èéfín ló yẹ kó bẹ̀rù.

Gbọ́ èyí dáadáa. Dígí kò lè kó oòrùn jọ àfi tó bá tàn tààrà. Tí èéfín bá bo sánmà, ìmọ́lẹ̀ á túká. Ojúmọmọ ṣì ni, ara ṣì ń gbóná, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tó ti túká kì í gbọ́ràn sí dígí lẹ́nu mọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ̀gbin táyà ń bà sórí dígí. Moyọ̀ á nù wọ́n ní òwúrọ̀, kó tó di ìyálẹ̀ta wọ́n á tún ti ṣú. Ṣé o rí wàhálà náà? Kí àwọn obìnrin lè pa iná táyà la ṣe gbé dígí kalẹ̀, dígí kò sì lè ṣiṣẹ́ àfi tí wọ́n bá pa iná táyà. Ta ni yóò kọ́kọ́ yọ̀ǹda fún èkejì? Omi náà ń gbóná lóòótọ́, kò hó. Awọ tí o bá sì kì bọ omi tó kàn gbóná lásán, ńṣe ni irun rẹ̀ á dì mọ́ ọn.

Dígí náà kì í ṣe tiwa. Ẹgbẹ́ kan tó ní ọ́fíìsì ní Ìkejà ló yá Moyọ̀ láti fi dán iṣẹ́ rẹ̀ wò. Wọ́n ní àwọn yóò wá wò ó. Tí omi bá hó lójú àwọn, wọ́n á fi dígí sílẹ̀, wọ́n á tún fi kún un kó lè tó gbogbo àwọn obìnrin tó ń sun pọ̀nmọ́. Tí kò bá hó, wọ́n á kó o lọ sí òkè Ọya, níbi tí oòrùn kì í ti í fi nǹkan bojú.

Moyọ̀ wá bẹ̀ mí pé kí n bá àwọn obìnrin náà sọ̀rọ̀, kí wọ́n má dáná ní ọjọ́ kan ṣoṣo tí àwọn ará Ìkejà bá wá. Ó ní wọ́n á gbọ́ tèmi torí pé Sàídátù ni olórí wọn kó tó kú. Ó tún kìlọ̀ fún mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀bẹ̀ lẹ fẹ́ lọ bẹ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá wọn jà." Mo ní ta ló fẹ́ jà?

Dàwódù, o mọ ẹnu mi.

Àwọn obìnrin náà gbà mí tọwọ́ tẹsẹ̀. Wọ́n gbé àga fún mi, wọ́n bu omi fún mi. Mo ro ẹjọ́ mi fún wọn. Ìyá Tinúadé, tó jẹ́ olórí wọn báyìí, gbọ́ mi títí mo fi parí. Ó ní, "Bàbá Moyọ̀, ẹ̀yin náà mọ òfin ibí. Ikú nìkan ló ń pa iná wa. Tí ọ̀kan nínú wa bá kú, a kì í ṣáná lọ́jọ́ fìdáù rẹ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, màlúù kì í dúró dè wá. Awọ tó bá sùn, á rà ni."

Obìnrin kan lẹ́yìn ní, "Pọ̀nmọ́ tí kò rí iná sójú, ta ló máa rà á? Ṣé kí oníbàárà mi máa rò pé ẹsẹ̀ òyìnbó ni mo gé fún un?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín.

Nígbà náà ni Àrínọlá dìde. O ò mọ̀ ọ́n. Ojú iná rẹ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Sàídátù, wọ́n jọ ṣe iṣẹ́ náà pẹ́. Ikọ́ ti wà lára òun náà, ó máa ń fi ọwọ́ di àyà mú kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká fún wọn lọ́jọ́ kan yìí. Èmi máa pa tèmi. Ọjọ́ kan péré ò lè sọ wá di alágbe." Mo rí àwọn kan tí wọ́n ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá Tinúadé fúnra rẹ̀ ń wolẹ̀, ó ń rò ó.

Ká ní mo dákẹ́ níbẹ̀. Ká ní mo kàn wí pé ẹ ṣeun, kí n sì máa mu omi tí wọ́n bù fún mi. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ní ó ti pẹ́ tí àwọn ti ń jó táyà, pé èéfín kò ì tíì pa àwọn. Mo dìde lórí àga. Mo ní, "Kò ì tíì pa yín? Sàídátù dà? Ẹ̀yin tí ẹ ń mu èéfín bí ẹni mu ẹ̀kọ, tí itọ́ ẹnu yín dúdú bí ẹ̀dú, ẹ̀yin lẹ fẹ́ sọ fún mi ohun tó ń pààyàn? Ẹ máa sun ara yín lọ. Awọ màlúù lẹ kàn fi ń ṣe bojúbojú."

Ìyá Tinúadé wò mí. Ó ní, "A ti gbọ́, Bàbá Moyọ̀. Ẹ máa lọ sílé." Bí mo ṣe ń lọ ni mò ń gbọ́ tí wọ́n ń pariwo lé Àrínọlá lórí: "Ìwọ lo fẹ́ pa iná fún ẹni tó ń bú wa! Pa tìẹ nìkan o!" Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kò ṣeé kó. Kì í ṣe pé mi ò mọ òwe náà kí n tó kúrò nílé.

Ọjọ́ tí àwọn ará Ìkejà dé, èéfín gòkè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lójú tèmi, wọ́n fi táyà kún un ni. Moyọ̀ ń nu dígí bí ẹni ń nu ojú ọmọ tó ń sunkún, bó ṣe ń nù ún ló tún ń ṣú. Ọkùnrin kan nínú wọn ti ìka bọ omi, ó yọ ọ́, ó ní omi náà dáa fún wíwẹ̀. Àwàdà ló ń ṣe, kò ní in lọ́kàn láti bú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n mo rí ojú ọmọ mi. Wọ́n ṣe dáadáa náà, wọ́n fún un di ìparí oṣù. Wọ́n ní ọjọ́kọ́jọ́ tí omi bá fẹ́ hó, kó pe àwọn lórí fóònù, pé Ìkejà kò jìnnà. Bí kò bá sì hó, lọ́rì yóò wá kó dígí.

Kò pẹ́ sí i ni Àrínọlá kú. Ìdí iná rẹ̀ ló wà tí ikọ́ fi gbé e ṣubú. Wọ́n gbé e dé ọsibítù, kò padà wálé. Mo lọ síbi ìsìnkú, mo dúró lẹ́yìn gbogbo èèyàn. Kò sẹ́ni tó bú mi. Ì bá tẹ́ mi lọ́rùn ká ní wọ́n bú mi.

Nígbà tí fìdáù rẹ̀ ku ọ̀la, Moyọ̀ gbé oúnjẹ ọ̀sán fún mi, kò sì tètè dìde. Ó ní, "Bàbá, lọ́la kò ní sí èéfín." Mo ní mo mọ̀. Ó wá ní, "Ṣé kí n pe àwọn ará Ìkejà?"

Mo fi ọwọ́ lu tábìlì, ọbẹ̀ dànù. Mo bi í pé ṣé fìdáù ẹni ẹlẹ́ni ló fẹ́ fi polówó ọjà. Mo ní wọ́n á sọ pé èmi tí mo bú wọn láàyè, mo tún wá ń jèrè lórí òkú wọn. Mo ní tó bá pè wọ́n, kó má pè mí ní bàbá mọ́. Ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá." Ó nu ọbẹ̀ tó dà. Kò pè wọ́n.

Ojúmọ́ fìdáù mọ́, iná kankan kò jó lẹ́yìn odò ẹran. Mo jáde sẹ́yìnkùlé, mo rí òpó ẹ̀rọ fóònù tó wà lọ́ọ̀ọ́kán lápá Ọgbà. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé èèyàn lè rí i láti ilé mi. Sánmà mọ́ bí àwo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. A lọ jókòó síbi àdúà, Ààfáà ń wáàsí, a ń ṣe àmín. Moyọ̀ ti nu dígí ní òwúrọ̀ bó ṣe máa ń nù ún, ó ti yí i sí oòrùn, kò bá ẹnì kankan sọ nǹkan kan.

Nígbà tí a parí, àwọn obìnrin náà gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ Sàídátù kọjá. Ìró ló kọ́kọ́ dá wọn dúró. Ìdérí dúrọ́ọ̀mù ń jó lórí omi, kàkàkàkà, ooru ń tú jáde. Páìpù tó dúdú ti funfun lójú wa, ojú kò lè wò ó. Ìyá Tinúadé sún mọ́ dúrọ́ọ̀mù náà. Ó wọ ìsọ̀ rẹ̀, ó mú awọ kan tó fi iyọ̀ pa mọ́ lánàá, ó kì í bọ inú omi. Nígbà tó yọ ọ́, ó fi ọ̀bẹ kàn án. Irun náà ṣí kúrò lára awọ bí ìgbà tí èèyàn ń bó háhá àgbàdo. Awọ náà funfun, ó wú, ó ń dán.

Obìnrin tó ṣàwàdà níjọ́sí ní, "Ẹsẹ̀ òyìnbó náà rèé o." Kò kọ́kọ́ sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rẹ́rìn-ín, omijé sì wà lójú àwọn mìíràn.

Ìyá Tinúadé ní, "Àwọn èèyàn tó fẹ́ wò ó dà?" Moyọ̀ wo ilẹ̀. Mo ní èmi ni mo ní kó má pè wọ́n, nítorí ọ̀wọ̀ Àrínọlá. Ó wò mí tìyanu-tìyanu. Ó ní, "Àrínọlá tó ní òun máa pa tòun? Háà, Bàbá Moyọ̀. Tó bá lè dìde níbi tó wà, òun ló máa kọ́kọ́ pè wọ́n."

Moyọ̀ sáré mú fóònù. Wọ́n wà ní ìpàdé kan ní Aláúsá, wọn ò gbé e. Ìgbà tí wọ́n máa fi pè padà, oòrùn ti rẹlẹ̀, omi ti dákẹ́. Ó fi àwòrán ránṣẹ́ sí wọn. Wọ́n ní àwòrán dára, ṣùgbọ́n ojú làwọn fi ń gbàgbọ́. Lọ́jọ́ kejì, àwọn alápatà ti bó awọ kalẹ̀, iná sì jó. Àwọn obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ ìpàdé pé bóyá kí wọ́n tún pa iná lọ́jọ́ kan nítorí dígí. Àwọn kan ní kí wọ́n pa á, àwọn kan ní wọn kì í yí òfin padà wéréwéré. Ìpàdé kò parí tí oṣù fi parí.

Ọjọ́ Ẹtì kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó kọjá ni lọ́rì dé. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti òwúrọ̀, mò ń retí kí èéfín gòkè. Kò gòkè. Mo rò pé màlúù kò wọlé ni, ṣùgbọ́n mò ń gbọ́ igbe wọn. Nígbà tó yá, àwọn obìnrin náà dé, wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo. Kò sẹ́ni tó kú lọ́dọ̀ wọn lọ́sẹ̀ náà. Ìyá Tinúadé lọ bá awakọ̀ lọ́rì. Ó ní, "Ọmọ mi, sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ pé a ti pa iná. Kí wọ́n wá wò ó." Ọmọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó ní, "Màmá, awakọ̀ lásán ni mí. Kí n wá kó o ni wọ́n ní." Moyọ̀ pè wọ́n, wọ́n ní ibòmíràn ti ń dúró de dígí náà.

Wọ́n ń kó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Sánmà mọ́. Bí wọ́n ṣe ń gbé dígí kọ̀ọ̀kan sókè, oòrùn ń bọ́ sínú rẹ̀, ó ń sáré lára ògiri, ó ń kọjá lójú àwọn obìnrin náà, wọ́n ń fi ọwọ́ bojú. Moyọ̀ ń bá wọn gbé e, ó ń ní kí wọ́n rọra. Nígbà tí lọ́rì lọ, koríko tó ti hù sábẹ́ dígí funfun bálau, torí oòrùn kò kàn án rí.

Ààyè Sàídátù ṣófo báyìí, Dàwódù. Ìwọ lo tọ́ kí o béèrè rẹ̀, kò sẹ́ni tó sún mọ́ mi jù ọ́ lọ. Mi ò ní fún Yẹ́misí. Má pè é ní ahun. Tó bá fẹ́ wá sí Èkó, yàrá ẹ̀yìn wà nílẹ̀, kó wá gbé e láìsan nǹkan kan, kó máa ta ohun tó bá lè tà ní Ọgbà tàbí ní Ifákò. Ṣùgbọ́n mi ò ní mú ọmọ ọlọ́mọ lọ síbi tí a ti gbé obìnrin méjì kúrò. Mo mọ̀ pé yóò bá ọ jiyàn, torí owó wà nínú pọ̀nmọ́. Tó bá jiyàn, jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀ tán kí o tó lu tábìlì.

Iná ti padà jó. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, Olúwabùsáyọ̀ ní kí n jẹ́ kí òun ti fèrèsé. Moyọ̀ ti gba iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan ní Ìkejà. Ẹ̀rọ ńlá tó ń fi gáàsì se omi ló ń bójú tó níbẹ̀. Mo bi í bóyá ó ń bínú sí mi, ó ní rárá. Láràárọ̀ kó tó jáde, á wá kúnlẹ̀ kí mi bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ, á ní, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá." Ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu lọ́jọ́ náà, Dàwódù. Ká ní ó ya aláìgbọràn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo péré, omi ì bá máa hó lórí ilẹ̀ ìyá rẹ̀ títí di òní. Ìkúnlẹ̀ yẹn ló ń dùn mí jù.

Bá mi kí Ìyá Gbénró, kó má ṣe iṣẹ́ oko pa ara rẹ̀. Kí Gbénró àti Yẹ́misí, kí o sì gbé àwọn ọmọ wọn jó fún mi. Kí Ààfáà ládùúgbò yín, sọ fún un pé kó rántí Àrínọlá nínú àdúà, kó tó rántí mi. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí a tún fojú kanra.

                                        Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí a jọ wọ Èkó,
                                        (Àtẹ̀ka rẹ̀ rèé)
                                        Abdulmumin Àkànní.